Òjò Tí Kò Pa Bàbá Mi

Òjò ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nípa bàbá mi. Kì í ṣe ojú wọn, kì í ṣe ohùn wọn, nítorí wọ́n ti kú kí n tó gbọ́n tó ẹni tó lè pa ojú ènìyàn mọ́ sọ́kàn. Òjò ni. Nínú fúláàtì wa ní Peckham, nígbàkúùgbà tí òjò bá ti ń lu gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná, màmá mi á dín iná gáàsì kù, wọ́n á nu ọwọ́ sí etí ìró wọn, wọ́n á sì sọ pé, "Irú òjò yìí gan-an ni." Mo ti mọ ohun tó kàn. Màá pa ìwé tí mo ń kà dé, màá fa àga sún mọ́ wọn, màá sì fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Bàbá mi ti fi mí fún oníṣòwò kòkó kan. Bàbá ẹ ní tiẹ̀, sọ́míìlì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò ní ju apá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú mi lọ sí Èkó kí n lè gbàgbé rẹ̀, ó wá dúró sí ojúde wa. Òjò dé. Gbogbo àdúgbò sá wọlé, ewúrẹ́ pàápàá sá sábẹ́ òrùlé, òun ò kúrò. Mo yọ́ jáde lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mi ló gbé e lé, òjò wá ń pa òun. Ó ní, 'Bí o bá lọ, màá dúró. Bí o bá pẹ́, màá jókòó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí.' Bàbá mi gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ìgbà tó yá, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní, 'Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wọlé, kó má lọ kú sí mi lọ́rùn.'" Níbẹ̀ ni màmá mi máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì tún iná gáàsì gbé sókè. Wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá ẹ nìyẹn o. Má gbé e lọ síta. Ohun tó bá dùn, kì í fẹ́ ojú púpọ̀."

N kò gbé e lọ síta. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára mi dáadáa, nítorí ó rọrùn láti rò pé ìtàn lásán ni mo fi ń ṣeré. Ilé kéwú wa wà ní Old Kent Road, láàárín ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò àti ilé ẹrù ńlá kan tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Tí a bá jáde, bàbá àwọn ọmọ yòókù á ti máa dúró dè wọ́n nínú mọ́tò. Èmi á wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n n kò ka ara mi sí aláìní bàbá. Ní tèmi, àwọn bàbá wọ̀nyẹn, inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí, fèrèsé ní títì. Bàbá tèmi dúró nínú òjò. Àwòrán wọn kan ṣoṣo ló wà nílé, nínú férémù lókè tẹlifíṣọ̀n: wọ́n jókòó, wọ́n wọ kóòtù tí apá rẹ̀ gùn jù wọ́n lọ, wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo máa ń wò ó, màá sì fi òjò kún un. Tí mo bá ti fi òjò kún un, ojú tí kò rẹ́rìn-ín yẹn á di ojú ẹni tí ìfẹ́ ń pa bí òùngbẹ.

Báyìí ni mo ṣe dàgbà, tí mo lọ sí yunifásítì, tí mo gboyè, tí mo sì padà sínú yàrá tí mo ti kúrò. Iṣẹ́ tí mo kàwé fún kò yá. Mo ń ṣe ṣíìfù nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Camberwell, mo ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ ìdájí, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀. Ẹ̀rù ohun gbogbo ń bà mí nígbà náà: ẹ̀rù pé n kò ní ríṣẹ́, ẹ̀rù pé màá ríṣẹ́ kí n má mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rù pé ẹni tó bá fẹ́ràn mi kò tíì mọ̀ mí dáadáa ni. Ohun kan ṣoṣo tí kò bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí mo gbà pé mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣebí inú ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n ti tọ́ mi.

Àsìkò yẹn ni mo pàdé ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ apòògùn ní kẹ́mísìtì kan ní Lewisham. Níbi àwẹ̀ṣíṣí kan ni a ti mọra. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, "Ṣé o ti jẹun?" Tí mo bá ní òtútù mú, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kéwì fún mi, orúkọ oògùn ni yóò dá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń retí ohun kan tí n kò rí, mo sì máa ń dùbúlẹ̀ yẹ ọkàn mi wò bí ẹni ń wá ẹyọ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Nígbà tó sọ pé àwọn òbí òun fẹ́ wá kí màmá mi, ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe ohun tí n kò ṣe rí: mo sọ ìtàn òjò fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ti àwọn ewúrẹ́.

Ó rò ó. Ó wá ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó ní agbòjò ládùúgbò yẹn ni?"

Inú bí mi débi pé n kò gbé fóònù rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti ní oyè yunifásítì nígbà náà o, n kì í ṣe ọmọdé. Pẹ̀lú oyè náà ni mo fi jókòó ronú, tí mo sì pinnu pé màá dán an wò. Mo wo fóònù mi títí mo fi rí ọjọ́ tí wọ́n ní òjò yóò rọ̀ nírọ̀lẹ́, mo ní kó wá pàdé mi ní gbàgede iwájú ilé ìkàwé, kí n lè fún un lésì lórí ọ̀rọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Mo wá lọ jókòó sí òkè, lẹ́bàá fèrèsé ilé ìkàwé, mo ń wo ìsàlẹ̀. Ó dé lásìkò. Òjò náà dé. Ó wo ojú sánmà, ó fi kóòtù bo orí, ó sì sáré wọ abẹ́ tapólì ẹlẹ́ran tó wà lódìkejì.

Ó sá. Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi kò sá. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo lọ sílé, mo sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé mo ti ronú sí i, pé ó dà bí ẹni pé ohun tó yẹ kó wà láàárín wa kò sí níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ó dáa. Kí Ọlọ́run fi èyí tó dára jù rọ́pò fún àwa méjèèjì."

Ìyẹn ni bó ṣe wà nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan ní Rye Lane, tó ń ta àpò fóònù, ẹní ìkírun, wáàsí àwọn àfáà àti fíìmù Yorùbá. Mo fẹ́ ra nǹkan tí yóò mú inú màmá mi dùn, nítorí inú tèmi kò dùn. Ọkùnrin náà fa díìsìkì kan yọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Àǹtí mi, èyí ni kẹ́ ẹ rà fún Mọ́mì. Tí wọn ò bá sunkún, ẹ gbé e padà wá, màá dá owó yín padà."

Ọkùnrin náà ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Fíìmù àtijọ́ ni, fíìmù ìfẹ́. Nígbà tí àwọn ìyá wa wà lọ́mọge, àwọn eléré máa ń gbé irú rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, èrò á sì kún títí dé ojú fèrèsé. Ẹni tó ni ín kò gbà kí wọ́n ṣe é sí kásẹ́ẹ̀tì láéláé, nítorí ó ń bẹ̀rù àwọn tó ń ṣe àdàkọ. Nígbà tó kú, gbogbo ènìyàn rò pé fíìmù náà ti bá a lọ. Àfi bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe rí i nínú àpótí, tí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, tí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì gbé e jáde sórí díìsìkì kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó nílé. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Fíìmù náà kò ṣẹ̀ mí.

Mo rò pé màmá mi yóò jó. Wọ́n gba díìsìkì náà, wọ́n wo àwòrán ara páálí rẹ̀, ọwọ́ wọn sì dúró sójú kan. "Ibo lo ti rí èyí?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n ní ó ti sọnù." Mo ní ká wò ó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ojú ń dùn àwọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí ń fọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ẹ̀rọ díìsìkì wa kò dára mọ́, bẹ́ẹ̀ wáàsí Ràmàdáánì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ketekete. Mo rò pé bóyá ó ń rán wọn létí bàbá mi jù. Àánú wọn tilẹ̀ ṣe mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdínì màmá mi wá ṣe ìpàdé nílé wa. Àwọn méjì ló kọ́kọ́ dé: ìyá ẹgbẹ́, ìyẹn Alhaja àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, àti àǹtí kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Màmá mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn, bọ́ọ̀sì sì pẹ́. Mo gbé ohun mímu fún wọn. Mo gbé bisikíìtì. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. A kì í fi àgbà sílẹ̀ kó máa wo ògiri, nítorí náà mo ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò ṣe: mo fi fíìmù sí i fún wọn.

Bí orúkọ rẹ̀ ṣe jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, àǹtí awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọgun. "Háà! Èyí? Wọ́n rí i? Alhaja, ẹ gbà mí o!"

"Jókòó," ni ìyá ẹgbẹ́ wí, ṣùgbọ́n àwọn náà ti ń wá awò ojú wọn nínú báàgì. "Mo rìn láti abúlé wa dé ìlú nítorí fíìmù yìí. Bàbá mi nà mí."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọmọge kan wà nínú fíìmù náà, bàbá rẹ̀ sì ti fi í fún oníṣòwò kòkó. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nínú ara mi pé ó jọ ti màmá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó gbé igi sẹ́nu ayùn ńlá, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀. Sọ́míìlì. Ẹ̀rín mi dín kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: mo rò pé wọ́n jí ìtàn àwọn òbí mi ni. Inú bí mi gan-an. Mo ti ń ronú ẹni tó yẹ kí n kọ̀wé sí láti fẹjọ́ sùn, kí n tó rántí pé ọmọge ni ìyá ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n jẹ pàṣán nítorí fíìmù yìí.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù náà. Àwọn ewúrẹ́ sá sábẹ́ òrùlé.

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, ó ti ń bọ̀!" ni àǹtí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń wí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé ọmọge lórí. Ó la ẹnu. Kí ohùn rẹ̀ tó jáde, àwọn obìnrin méjèèjì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n pa ohùn pọ̀ bí ọmọ ilé kéwú: "Bí o bá lọ, màá dúró. Bí o bá pẹ́, màá jókòó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ yìí ló kó wa sí wàhálà," ni ìyá ẹgbẹ́ wí. "Gbogbo wa là ń retí oníyẹn. Kò sí ọkùnrin kan láyé tó jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ńkọ́? Ọjọ́ tí òjò dé, agbòjò mi ló gbà lọ. Kò tíì dá a padà dòní."

Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, báàgì ṣì wà léjìká wọn. Wọn kò wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni wọ́n wò.

"Wá wò ó, ọ̀rẹ́ mi, wá wò ó! Ṣé o rántí?" ni àǹtí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń pariwo.

"Mo rántí," ni màmá mi wí. Nínú fíìmù náà, bàbá ọmọge ṣílẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, kó má lọ kú sí òun lọ́rùn. Àwọn àlejò wa rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè wo àwòrán bàbá mi lókè tẹlifíṣọ̀n. Kóòtù wọn gbẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wò wọ́n, n kò rí ẹ̀kán òjò kan lára wọn.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo bá màmá mi ní ilé ìdáná. Wọ́n ń fọ ife tó ti mọ́. Mo ti ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kàn, nítorí èmi ni ẹni tó máa ń ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n èyí tó jáde ni, "Mọ́mì, ṣé bàbá mi ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì rí?"

"Rárá."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yín?"

Wọ́n ti ẹ̀rọ omi pa. Wọn kò yíjú sí mi. "Fọ́tò ni wọ́n fi fẹ́ mi," ni wọ́n wí. "Bàbá ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọn ò ríwèé tí wọ́n fi lè wálé. Ẹ̀gbọ́n wọn ló dúró fún wọn níbi yìgì. Wọ́n gbé fọ́tò wọn lé orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èyí tó wà ní pálọ̀ yẹn. Àfáà ṣàdúà, a ṣe àmín. Nígbà tí oúnjẹ dé, ẹnì kan ní kí wọ́n bu tọkọ ìyàwó síwájú fọ́tò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Mo ṣàkíyèsí pé "wọ́n" ni màmá mi ń pe bàbá mi. Nínú òjò, "ó" ni.

"Ṣé bàbá mi wá pàdé yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn ló wá gbé mi."

"Ṣé òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" N kò mọ ìdí tí mo fi béèrè. Ó dà bí ìgbà tí ilé jó tán tí ènìyàn ń wá ṣíbí.

"Òtútù ni mo rántí."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n rí yín?"

Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ojú wọn gbẹ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Mi ò rántí mọ́," ni wọ́n wí. "Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ wá síbí ni wọ́n gbé fíìmù yẹn dé ìlú wa. Mo sunkún. Mo ní ọkọ tí mò ń lọ bá, bó ṣe máa rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn tó dákẹ́ ni. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń bọ̀, àìsàn wá dé. Ìgbà tí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bàbá ẹ, ojúmọ́ kan ò lè mọ́ kó o má béèrè. Kí ni kí n fún ẹ? Ìyẹn? Èyí tó dára jù nínú ohun tí mo ní ni mo fún ẹ. Mo rò pé fíìmù ọ̀hún ti sọnù."

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, bàbá mi gan-an ńkọ́?"

"Mo ti sọ ti òjò pẹ́ jù. Tí mo bá pa ojú dé báyìí, ọkùnrin inú fíìmù yẹn ni mò ń rí. Ti bàbá ẹ ti lọ."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí irọ́ náà gbé pọ̀n sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ìyẹn ni mo rò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé irọ́ nìkan ni màmá mi pa fún mi ni, ǹ bá dárí jì wọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí irọ́ yẹn dùn, ó sì tọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò bàbá mi, wọ́n sì jẹ́ kí bàbá mi sọnù sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè sọ bí ọkùnrin náà ṣe ń rẹ́rìn-ín fún mi, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ń kí wọn láàárọ̀. Mo ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo lọ sí Lewisham. Mo tò sí ìlà nínú kẹ́mísìtì náà lẹ́yìn obìnrin kan tó ń gba oògùn ikọ́. Nígbà tó kàn mí, apòògùn náà wò mí, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ káńtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilé ìkàwé, fèrèsé, òjò, fíìmù. Mo sọ ọ́ jù, bí mo ṣe máa ń ṣe.

"O wà lókè?" ló ní. "O rí mi?"

"Mo rí i tí o sá."

"Mo sá sábẹ́ tapólì. Òjò ni o. Ṣùgbọ́n mi ò lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ń ká tapólì náà. Ẹlẹ́ran yẹn ní ẹni tó bá dúró tó báyìí níwájú ọjà òun gbọ́dọ̀ ra nǹkan. Mo gbé itan ewúrẹ́ délé. Ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ ti bá mi."

N kò rí ohun tí mo lè sọ. Èmi.

"Àwọn òbí mi ti lọ kí ìdílé kan ní Luton," ló sọ, jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti gbà." Ẹnì kan ti ń dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé oògùn. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. "Ṣé o ti jẹun?" ló bi mí.

Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Ọkùnrin tó ta fíìmù fún mi kò tan mí nígbà tó ní ẹnì kan yóò sunkún. Ó kàn ṣi ẹni náà mọ̀ ni.

Mo ti ríṣẹ́ báyìí, iṣẹ́ gidi, ní ọ́fíìsì tó ní fèrèsé. Èmi àti màmá mi ṣì jọ ń gbé. A ti ń sọ̀rọ̀. Díìsìkì náà wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ àwọn wáàyà fóònù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti mọ̀ báyìí pé màmá mi kò fẹ́ ṣe mí níbi. Mo mọ̀ pé ọmọge kan tí wọ́n ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, tó sì ń rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì í, ní ẹ̀tọ́ sí òjò díẹ̀. Mo lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àlàyé kò fìgbà kan wọ́n mi. Síbẹ̀, ohun tó dà nù kò ṣeé kó mọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo ti ibi iṣẹ́ dé, òjò ń lu fèrèsé ilé ìdáná, màmá mi sì ń po tíì fún mi. Wọn kò dín iná gáàsì kù. Wọn kì í dín in kù mọ́. Wọ́n bu ṣúgà sínú ife mi, ọwọ́ wọn wá dúró lófuurufú.

"Bàbá ẹ," ni wọ́n wí, bí ẹni tí nǹkan ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "ṣúgà tí wọ́n máa ń bù pọ̀ jù. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á tún bu ọ̀kan sí i, wọ́n á máa wò mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà yà wọ́n lẹ́nu.

Ọkàn mi fò. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò sí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ dì í mú ṣinṣin. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń dúró de irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ayọ̀ náà tó dé ojú mi, ìbéèrè kan ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀fun mi: fíìmù wo nìyẹn?

N kò bi wọ́n. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn, mo tún bu ṣúgà kan sí i, mo wò wọ́n. Tíì náà dùn débi pé eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan. Mo mu ún tán.